Ìgbẹ́ Ẹran àti Ajílẹ̀ Inú Àpò Lórí Oko Àgbàdo

Ìjà kan wà láàrin àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń jà á. Apá kan wí pé ajílẹ̀ inú àpò, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní fatiláísà, ni ó ba oúnjẹ ayé ìsinsìnyí jẹ́: pé iṣu tí a fi sí ìdí rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó rà, pé àgbàdo rẹ̀ kì í dùn lẹ́nu, àti pé ilẹ̀ tí ó bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò tún ní so mọ́ láìsí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti di ẹrú ọtí. Apá kejì wí pé ìgbẹ́ ẹran jẹ́ ohun ayé àtijọ́, pé ó ń rùn, pé ó wúwo, pé ó ń kó koríko wá sínú oko, àti pé àpò méjì tí ènìyàn lè dì sí ẹ̀yìn alùpùpù a máa ṣe iṣẹ́ tí ìgbẹ́ ẹ̀kún ọkọ̀ akẹ́rù kò lè ṣe. Òtítọ́ wà díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ apá méjèèjì. Ohun tí ó burú ni pé níbi tí wọ́n gbé ń ṣe àríyànjiyàn yìí, ilẹ̀ ń ṣá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn baba ńlá kò mọ èyí tí ó wà nínú àpò, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ru ìgbẹ́ ẹran lọ sí oko ọ̀nà jíjìn. Igbó ni ajílẹ̀ wọn. Wọn a ṣán an, wọn a sun ún, wọn a fi gbin nǹkan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Igbó a hù padà fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi a máa fa oúnjẹ tí òjò ti gbé lọ sí ìsàlẹ̀ padà wá sí òkè, ewé a máa wọ́, a máa jẹrà, a sì di ilẹ̀dú. Ibi kan ṣoṣo tí wọn kì í fi sílẹ̀ fún ìsinmi ni ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ààtàn wà níbẹ̀: eérú, èèpo iṣu, háríhá àgbàdo, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìẹ, gbogbo rẹ̀ ni a ń dà síbẹ̀. Kò sí ọmọ abúlé tí kò mọ̀ pé àgbàdo etí ààtàn ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó, òun náà ni ó sì máa ń tóbi jù.

Ọgbọ́n náà dára fún àkókò tí ilẹ̀ pọ̀ tí ènìyàn kò pọ̀. Lónìí, ní àgbègbè àwọn ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ oko ni kì í sinmi ju ọdún méjì lọ, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ sinmi rárá. Ọkọ̀ tí ó ru tọ́ọ̀nù kan àgbàdo lọ sí ọjà ru bí 15 kílò náítírójìn kúrò nínú oko náà pẹ̀lú, láì ka fọsifọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù, kò sì sí oníbàárà kan tí í dá a padà. Bí àgbẹ̀ bá tún kó pòròpórò jọ, tí ó sì dáná sun ún kí ojú oko lè mọ́, ìwọ̀nba tí ó kù ni ó sun náà. Ilẹ̀ tí a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún láì fún un ní nǹkan kò ní ohun mìíràn tí ó lè ṣe ju kí ó ṣá lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kí a bi àwọn apá méjèèjì ni pé: kí ni iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ajílẹ̀ wọ̀nyí ń ṣe nínú ilẹ̀? Wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ajílẹ̀ inú àpò jẹ́ oúnjẹ tí ó ti jinná. Ó ń yọ́ nínú omi, gbòǹgbò sì ń mu ún láàrin ọjọ́ díẹ̀; ìdí nìyí tí àgbàdo tí ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè fi ń padà di dúdú ṣáṣá láìpẹ́ lẹ́yìn tí a bá bu yúríà sí i tí òjò sì rọ̀. Ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà ní oúnjẹ nínú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ó ń sọ ilẹ̀ di ohun tí ó lè pa oúnjẹ àti omi mọ́. Ó ń so yanrìn pọ̀, ó ń bọ́ ekòló àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú kò lè rí, ó sì ń di oúnjẹ mú kí òjò má bàa gbé e lọ.

Ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá, èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Yanrìn ni òkè ilẹ̀ náà, òkúta wẹ́wẹ́ sì ni ó sábà máa ń wà ní abẹ́ rẹ̀. Amọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kò lè di oúnjẹ mú dáadáa. Ilẹ̀dú ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdìmú yìí, àti pé bí ó bá tán, ẹni tí ó ń da fatiláísà sí i dà bí ẹni tí ó ń pọn omi sínú ajere. Òjò ńlá kan ní oṣù Òkúdu ti tó láti gbé ìdajì owó rẹ̀ lọ sí ibi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé.

Àwọn tí ó gbàgbọ́ nínú àpò nìkan a máa tọ́ka sí òkè òkun, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn níbẹ̀. Ní oko Rothamsted, ní ẹ̀bá ìlú Harpenden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àlìkámà kan ní ọdún 1843, tí a kò sì tíì dá dúró títí di òní. Lawes fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ajílẹ̀. Ní ọdún 1842 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń ṣe ajílẹ̀ fọsifeeti. Wọ́n pín oko náà sí abala abala. Wọ́n fi abala kan sílẹ̀ láì fún un ní ohunkóhun, wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran tó 35 tọ́ọ̀nù sí hẹ́kítà kan ní abala kan lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fi oríṣiríṣi ajílẹ̀ oníyọ̀ sí àwọn ìyókù. Fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, abala tí ó gba ajílẹ̀ oníyọ̀ tí ó pé kò kéré sí abala ìgbẹ́ ẹran ní ti èso. Òtítọ́ ni èyí, àwọn ọ̀rẹ́ àpò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀dú tí ó wà nínú abala ìgbẹ́ ẹran ti ju ìlọ́po méjì ti abala ajílẹ̀ oníyọ̀ lọ nísinsìnyí, àti pé láti ìgbà tí a ti ń gbin irúgbìn tuntun tí ó lè so púpọ̀, abala tí a ti ń da ìgbẹ́ ẹran sí, tí a sì tún ń fi náítírójìn inú àpò kún un, ti wà lára àwọn tí ó ń so jùlọ ní gbogbo oko náà. Ó gba ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ọ̀rọ̀ náà tó hàn kedere.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ń tọ́ka sí Rothamsted kì í sọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ líle, àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ sì ti da ẹfun sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ náà kan. Kí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wo Woburn dípò rẹ̀, nítorí ilẹ̀ oníyanrìn ni ti ibẹ̀. Ní ọdún 1876 ni a bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò kan náà níbẹ̀. Kò pé ọgbọ̀n ọdún tí ilẹ̀ tí ń gba iyọ̀ amóníà nìkan fi kan tó bẹ́ẹ̀ tí àlìkámà àti ọkà báálì fi kọ̀ láti dàgbà lórí rẹ̀, àfi ìgbà tí a da ẹfun sí i. Ilẹ̀ kíkan kì í ṣe ohun tí a ń fi ahọ́n tọ́ wò. Ó jẹ́ àìsàn inú ilẹ̀ tí í mú kí gbòǹgbò kúrú kí ó sì sanra ní ìdí, tí í sì gbé fọsifọ́rọ́ọ̀sì dè, tí irúgbìn kò fi ní rí i mu bí ó tilẹ̀ wà nílẹ̀.

Bí ó ti rí ní Woburn náà ni ó rí ní Áfíríkà. Ní Samaru lẹ́bàá Zaria, ní apá Àríwá Nàìjíríà, a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní nǹkan bí ọdún 1950 lórí ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ oníyọ̀. Ilẹ̀ tí a ń fi ajílẹ̀ amóníà onímí-ọjọ́ sí lọ́dọọdún di kíkan, ìgbẹ́ màlúù sì ni ó gbé ilẹ̀ ró. Ní Saria ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, láti ọdún 1960, lórí ọkà bàbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní Kabete lẹ́bàá Nairobi ní orílẹ̀-èdè Kenya, láti ọdún 1976, lórí àgbàdo àti ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Abala tí ó gba ajílẹ̀ inú àpò nìkan a máa yọ ayọ̀ ńlá ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni èso rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù bí a tilẹ̀ ń fún un ní iye kan náà. Abala tí ó gba méjèèjì ni ó ń so jù, òun náà ni ó sì ń pẹ́. Bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ajílẹ̀ méjèèjì yìí.

Ẹni tí ó bá wá wí pé, “Ó dára, ìgbẹ́ ẹran nìkan ni kí a máa lò nígbà náà, kí a sì fi owó wa sínú àpò wa,” kí ó jókòó kí ó ṣe ìṣirò. Àpò NPK 15-15-15 kan tí ó wúwo tó 50 kílò ní 7.5 kílò náítírójìn nínú. Àpò yúríà tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní 23 kílò. Tọ́ọ̀nù kan ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ, bí 2 nínú 100 rẹ̀ bá jẹ́ náítírójìn, ní 20 kílò, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni àgbàdo lè rí mu ní ọdún àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ tí ó fi àpò NPK méjì àti àpò yúríà kan sí éékà kan ti fún éékà náà ní 38 kílò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ da tọ́ọ̀nù kan ìgbẹ́ adìẹ sí i, tí ó sì wá lo àpò NPK kan pẹ̀lú àpò yúríà kan, ti fún un ní 40 kílò ó lé díẹ̀; owó àpò kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ yọ owó ọkọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀dú sì ti wọ inú ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ rí 40 kílò yẹn nínú ìgbẹ́ adìẹ nìkan ní láti wá tọ́ọ̀nù mẹ́rin fún éékà kan. Bí oko rẹ̀ bá tó éékà márùn-ún, ogún tọ́ọ̀nù ni. Ta ni yóò rù ú? Níbo ni yóò sì ti rí i, bí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ bá ń wá ohun kan náà? Ìgbẹ́ màlúù tí oòrùn ti pa lórí pápá kò tilẹ̀ tó ti adìẹ ní agbára.

Ti dídára ọkà ni ó kù, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwọn ìyá tí ń po ògì fún ọmọ ju bí ó ti kan oníṣòwò lọ. Èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní purotéènì, láti inú náítírójìn ni a ti ń ṣe é. Nǹkan bí 8 sí 10 nínú 100 ìwúwo ọkà àgbàdo ni, ṣùgbọ́n bí ebi náítírójìn bá ń pa igi àgbàdo ní àkókò tí ó ń tú ìrùkẹ̀rẹ̀, iye yìí a máa wálẹ̀, ọmọ rẹ̀ a kéré, ọkà kò sì ní kún dé orí ṣúkù. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù tí pọtásíọ̀mù kò sì tó, igi a ga, a rọ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a sì dà á wó; ọkà tí ó bá wá kan ilẹ̀ tí ó tutù a hu èéfún. Irú èéfún bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú oró aflatoxin wá, èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1960 nígbà tí ó pa tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú.

Ìgbẹ́ ẹran ní ipa tirẹ̀ nínú èyí. Síńkì, imí-ọjọ́ àti irú àwọn èròjà kéékèèké bẹ́ẹ̀ kò sí nínú púpọ̀ nínú àwọn àpò tí a ń tà ní ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú ìgbẹ́ ẹran, nítorí pé ẹran jẹ wọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ìwádìí lórí oko àwọn àgbẹ̀ kéékèèké fi hàn pé àgbàdo tí ó gba ìgbẹ́ tàbí ewé jíjẹrà pẹ̀lú ajílẹ̀ tí ó ní síńkì ni síńkì pọ̀ jù nínú ọkà rẹ̀. Síńkì yìí ni ọmọ kékeré nílò kí ó lè dàgbà, kí ó sì lè bá ìgbẹ́ gbuuru jà. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tan ara rẹ̀ jẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú purotéènì tí náítírójìn ń fi kún àgbàdo jẹ́ irú èyí tí kò pé fún ara ènìyàn. Ọmọ tí ń mu ògì nílò ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja pẹ̀lú rẹ̀, irú ajílẹ̀ yòówù kí baba rẹ̀ lò.

Ní ti àwọn tí ń wí pé fatiláísà ni kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń parọ́. Iṣu tí a fi náítírójìn púpọ̀ sí, tí a sì wà kí ó tó gbó, a máa mu omi, kò sì ní pẹ́ ní abà. Ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bù ú láì wọ̀n ọ́n, tí ó sì kánjú wa iṣu. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò mọ ìyàtọ̀ láàrin náítírójìn tí ó ti inú ìgbẹ́ adìẹ wá àti èyí tí ó ti inú àpò wá. Kí ó tó wọ inú igi, ohun kan náà ni méjèèjì ti dà.

Bí a ó ti lò wọ́n kò ṣòro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú nìyí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò yẹ fún oko. Ó gbóná, yóò sun irúgbìn, kòkòrò àìsàn àti ẹyin aràn sì wà nínú rẹ̀. Kí a kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, lẹ́búlẹ́bú igi tàbí pòròpórò tí a ti gé wẹ́wẹ́, kí a wọ́n omi sí i kí ó rin ṣùgbọ́n kí ó má kán, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí òjò má bàa fọ agbára rẹ̀ lọ, kí a sì máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Inú rẹ̀ yóò gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró níbẹ̀ pẹ́, ooru náà ni yóò sì pa ẹyin aràn àti èso koríko tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, nígbà tí kò bá gbóná mọ́, tí kò rùn mọ́, tí ó sì ti dúdú, ó ti tó lò. Kí òkìtì náà jìnnà sí kànga, nítorí pé ohun tí ó bá ṣàn láti inú rẹ̀ wọ inú omi lè ṣe ọmọ ọwọ́ ní ibi. Ìgbẹ́ ènìyàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Kí ẹni tí ó ń kó ìgbẹ́ wọ bàtà, kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, kí ó má sì fi ojú egbò lásán kàn án, nítorí kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú rẹ̀. Bákan náà, àpò tí fatiláísà ti wà nínú rẹ̀ kò yẹ fún gààrí, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí a da ìgbẹ́ tí ó ti jẹrà sí oko ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó gbin àgbàdo, kí a sì fi ọkọ́ yí i mọ́ ilẹ̀. NPK a tẹ̀ lé e nígbà tí àgbàdo bá ti yọ tí ó sì ti dúró dáadáa, yúríà ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn, kí ó tó tú ìrùkẹ̀rẹ̀. Yúríà tí a fọ́n sí orí ilẹ̀ nínú oòrùn, tí a kò bò, yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn tí ń ta imú nínú oko rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, owó rẹ̀ ni ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yẹn.

Ohun ìyanu ni pé bí àwọn àgbẹ̀ kan ti ń wá ìgbẹ́ adìẹ kiri, ni àwọn kan tí ń sin adìẹ ń dà á sí ojú àgbàrá, tí ó sì ń ba omi àwọn ará ìsàlẹ̀ jẹ́. Ní Bódìjà ní Ìbàdàn, a ti fi hàn pé ìdọ̀tí ọjà àti ti ilé ìpẹran lè di ajílẹ̀ gidi, tí a ń po ajílẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀ mọ́ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Irú rẹ̀ yẹ kí ó wà ní gbogbo ìlú tí ó ní ọjà ńlá. Ní ọdún 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì pinnu pé kí lílo ajílẹ̀ dé 50 kílò lórí hẹ́kítà kan kí ó tó di ọdún 2015. Kò dé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nairobi ní oṣù Èbìbí ọdún 2024, wọn kò sọ̀rọ̀ àpò nìkan mọ́. Wọ́n fi ajílẹ̀ tí ó ti ara ẹran àti ewé wá kún un, wọ́n sì fi ìlera ilẹ̀ sí orí ìpinnu wọn. Ìyípadà ọkàn tí ó dára ni, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdènà kan wà tí ìpàdé kankan kò lè mú kúrò, èyí sì ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbin àgbàdo kì í ṣe onílẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ fún ọdún kan, wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ tàbí owó, wọn kò sì mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà yóò wà lọ́wọ́ wọn ní ọdún tí ń bọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ya òmùgọ̀ bí ó bá lo àpò nìkan. Ohun tí yóò jáde ní oṣù mẹ́ta ni ó ń wá. Ìdajì agbára ìgbẹ́ tí yóò kù sínú ilẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́. A tilẹ̀ ti rí ibi tí àlejò ti tún ilẹ̀ ṣe fún ọdún méjì, tí onílẹ̀ rí i pé àgbàdo rẹ̀ dúdú, tí ó sì gba ilẹ̀ náà padà fún ọmọ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò tún ru ìgbẹ́ lọ sí oko olóko?

Àwọn onílẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí, púpọ̀ nínú wọn sì ń jókòó sí ìjọ kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n yá ilẹ̀ fún. Olùtọ́jú ọgbà inú àkàwé igi ọ̀pọ̀tọ́, ní orí kẹtàlá Ìhìnrere Lúùkù, bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i kí ó lè fi ìgbẹ́ sí ìdí igi náà, ó sì jọ pé a gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ àgbàdo nílò ju ọdún kan lọ. Bí onílẹ̀ bá fi ilẹ̀ fún un fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú àdéhùn tí a kọ sínú ìwé níwájú àwọn ẹlẹ́rìí pé yóò máa da ìgbẹ́ tọ́ọ̀nù kan sí éékà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, tí kò sì ní sun pòròpórò, onílẹ̀ náà kò pàdánù ohunkóhun. Ilẹ̀ tí yóò gbà padà yóò sàn ju èyí tí ó fi sílẹ̀ lọ. Èyí tí ó ń gbà padà lọ́dọọdún nísinsìnyí ń dín kù lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ààlà rẹ̀ kò sún.

Ẹni tí gbogbo èyí kò bá yé, tàbí tí kò gbà á gbọ́, kí ó dán an wò lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Oṣù Ọ̀pẹ ni ó yẹ kí ó ti kó ìgbẹ́ jọ, nígbà tí ọ̀nà gbẹ tí ọkọ̀ sì lè dé etí oko. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò máa wá a. Kí ó wọn ebè ogún fún ìgbẹ́ nìkan, ogún fún àpò nìkan, ogún fún méjèèjì, kí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú bákan náà, kí ó sì gbin irúgbìn kan náà sí gbogbo wọn ní ọjọ́ kan náà. Agbọ̀n kan náà ni kí ó fi wọn àgbàdo tí ó bá ṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù Ògún, lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ. Kí ó kọ iye rẹ̀ sí etí ojú ewé oṣù náà nínú àlímánáákì yìí, kí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ebè wọ̀nyẹn kan náà ní ọdún kejì àti ọdún kẹta, nítorí pé ọdún àkọ́kọ́ kì í fi gbogbo ìyàtọ̀ hàn.